Ààwẹ̀ Méjì: Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́ Abẹ Inú

  

Bàbá kan ní Òde-Mahin níbí ní ìpá, èyí tí ìfun ń yọ wá sí abẹ́. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó bọ́ sínú Ramadan. Ọjọ́ pé, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, wọ́n bá mọ́tò lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní, "Ààwẹ̀ ni mo wà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ púpúrú àti ọbẹ̀ ẹja yó ní sààrì. Ọmọ wọn ló sọ ọ́, ni wọ́n bá sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Inú bí bàbá gan-an, nítorí owó ọkọ̀.

Àwa sọ fún wọn pé ọmọ yẹn ṣe wọ́n lóore. Bí oògùn oorun bá mú ènìyàn, ohun tí ó wà nínú ikùn lè gòkè wá sí ọ̀fun, kí ó gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí a fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, bí wọ́n tilẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàyè láti mu omi lásán títí di wákàtí 2 ṣáájú. Èyí tí dókítà tiyín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ààwẹ̀ ọsibítù kì í ṣe ààwẹ̀ Ramadan o.

Ààwẹ̀ Ramadan ńkọ́? Suratul Baqarah, ẹsẹ 184, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án pada ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó bi dókítà àti áfáà léèrè kí ó tó fi ebi kún un. Ara tí kò lókun, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jiná.

Púpúrú ń yóni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja, edé, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń mọ ẹran ara. Àwa tí a ń pẹja yìí náà ni à ń kó òbòkún lọ sọ́jà, tí a wá ń fi omi ọbẹ̀ jẹun! Ẹ fi ẹja sílẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní fáíbúrọ́ìdì, tí nǹkan oṣù yín ń pọ̀ jù, ẹ tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ máa rìn lójoojúmọ́ lórí afárá pákó wa, títí èémí yóò fi yá díẹ̀. Ẹ máa mí kanlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ̀dọ̀fóró lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó ní ìpá kò gbọdọ̀ bá wọn fa ọkọ̀ gun èbúté. Ẹni tó ń mu sìgá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé bí ó bá ti fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, ewu iṣẹ́ abẹ yóò dín kù fún un.

Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Òmíràn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù, òmíràn kì í bá oògùn oorun rẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ má sì fi abẹ fá irun ikùn nílé, nítorí ojú ibi tí abẹ bá ha ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Ẹni tí a dá ọjọ́ fún ni gbogbo èyí wà fún. Bí ìpá bá le gbandi, tí ó ń roni, tí kò padà mọ́, tí ènìyàn sì ń bì, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ wá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lóru ọjọ́ náà.