Ǹjẹ́ Fáírọ́ọ̀sì Jẹ́ Ohun Alààyè, Ǹjẹ́ A sì Jẹ ẹ́ ní Gbèsè?



Ìbéèrè méjì ni ó kó wa jọ: bóyá fáírọ́ọ̀sì, ohun tíntín tí ojú lásán kò lè rí, wà láàyè, àti bóyá ó yẹ kí a ro ti rẹ̀ mọ́ ọ kí a tó pa á run. Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à rìn gbéregbère, ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan, èyí tí ń fa ṣọ̀pọ̀nná, àrùn tí àwọn baba wa bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi dá orúkọ rẹ̀, bí kò ṣe Olóde tàbí Ilẹ̀-gbígbóná.

Ní Nàìjíríà, oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni a rí alárùn náà kẹ́yìn. Ní 1977, ní Somalia, ni a rí ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ayé tí ó kó o láàárín ìlú. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà kò tán. A fi pamọ́ sínú òtútù líle ní ibi méjì: ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, àti ní Koltsovo ní Rọ́ṣíà. Ní 1996 a dá ọjọ́ pé kí a run ún ní 1999. Ọjọ́ pé, a sì tún sún un síwájú. Àwọn kan ní kí a pa á mọ́ nítorí ìwádìí oògùn. Àwọn mìíràn sì béèrè pé: ẹ̀tọ́ wo ni ẹ̀dá kan ní láti nu ẹ̀dá mìíràn nù kúrò láyé?

Ṣé ẹ̀dá alààyè ni nígbà náà? Afòmọ́ ń gbé lára igi obì, ṣùgbọ́n ó ní ewé tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kì í jẹun, kì í mí, kì í dàgbà; àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, tí ó sì sọ ọ́ di ẹrú tí yóò máa ṣe irú rẹ̀ jáde. Ní 1935 Wendell Stanley sọ fáírọ́ọ̀sì tí ń ba ewé tábà jẹ́ di horo dídán bí horo iyọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ó fi í kan ewé tútù, àrùn tún bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kì í bí irú ara rẹ̀; èyí ń bí i, ó sì ń yí padà láti ìran dé ìran. Abájọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi fohùn ṣọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ìdáhùn yẹn kọ́ ni yóò fi ojúṣe wa hàn. Iṣu wà láàyè, a sì ń gún un láìbẹ̀rù ẹ̀bi. Ewúrẹ́ pẹ̀lú wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń na ewúrẹ́ lásán, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a wí. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ewúrẹ́ mọ ìrora. Fáírọ́ọ̀sì kò mọ ìrora, kò mọ ayọ̀, kò sì ní ohun kan tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò dùn ún. Ẹni tí kò lè pàdánù ohunkóhun, a kò lè rẹ́ ẹ jẹ.

A kò wí èyí láti gàn án. Nínú ìlànà tí a fi mọ ara ènìyàn, bí ìdá 8 nínú 100 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn fáírọ́ọ̀sì àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi ọmọ nínú ìyá. Ó yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó yẹ ní mímọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ta ni a wá jẹ? Ní 1978, ọdún kan lẹ́yìn ti Somalia, fáírọ́ọ̀sì tí a ń tọ́jú ní ilé ìwádìí kan ní Birmingham ran obìnrin kan, ó sì kú. Láti ìgbà tí a ti dẹ́kun bíbupá, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí a bí kò ní ààbò kankan sí ṣọ̀pọ̀nná. Àwọn wọ̀nyí lè jìyà. Àwọn ni gbèsè wa tọ́ sí. Nítorí náà, ní tiwa, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ sun fáírọ́ọ̀sì náà níná ni yóò wí àwíjàre. Ẹni tí ó fi paramọ́lẹ̀ sínú ìkòkò láàárín agbo ilé ni kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń ṣeré níbẹ̀.