Ibi Pẹlẹbẹ La Ti Ń Mú Ọ̀ọ̀lẹ̀ Jẹ
Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ lórí ìgbéga. Ìtàn ṣọ́jà kan ni mo mú wá.

Ní 1942, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, Johnson Aguiyi-Ironsi, ọmọ Umuahia, wọṣẹ́ ológun. Kò bá ipò wọ ibẹ̀. Ṣọ́jà lásán ni. Àwọn òyìnbó ló ń pàṣẹ nígbà náà. Ó di sájẹ́ńtì-méjọ̀, wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ìlú Ọba, nígbà tó sì di 1949, ó ti wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ tó kọ́kọ́ di ọ́fíísà. Ní 1960, ó kó ọmọ ogun wa lọ sí Kóńgò. Ní 1964, òun ni olórí ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé níbẹ̀. Ní 1965, ó gbapò lọ́wọ́ òyìnbó tó ṣe olórí ọmọ ogun Nàìjíríà kẹ́yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́tàlélógún gbáko!

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ èyí dáadáa. Ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ nídìí káńtà, tó ti ka owó títí ọwọ́ fi ń ro ó, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi ìṣirò tàn án jẹ.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1966, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà kan dìtẹ̀, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ló lò. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje, Ìbàdàn ló wà, lálejò Gómìnà Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ bíi ṣọ́jà lásán ní 1943. Àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó máa bẹ́rí fún wọn ló yí ilé ká. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Títí dòní, ohun tí a ń sọ nílẹ̀ Yorùbá ni pé Fájuyì kọ̀, kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀.

Ipò tó fi ọdún mẹ́tàlélógún gùn kò gbà á sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó dúró tì í ni a ṣì ń dárúkọ mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Láàárín wa, àwọn kan ti di ọ̀gá, àwọn kan ti joyè, àwọn kan ṣì ń tiraka. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa wọ̀ lónìí. Lọ́dún mẹ́wàá tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí a má kàn ka iye òde tí a jó. Kí a ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tí a bẹ̀ wò lọ́sibítù, àti iye ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ojú tì í láti wá sípàdé.

Ẹni tó ń gòkè, kó má kánjú. Ẹni tó ti dókè, kó má gbàgbé ẹgbẹ́.

Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ọdún.