Charles Jewtraw, ọmọ Lake Placid

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, kí ẹ tó bọ́ aṣọ oyè yẹn, ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan. Charles Jewtraw lorúkọ rẹ̀. Lake Placid, ní ìpínlẹ̀ New York, ló dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tọ́jú pápá yìnyín orí adágún kan. Ibẹ̀ lọ́mọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí omi tó dì gbagidi.

Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, gbogbo asáré ló ń gbéra pọ̀. Wọ́n á máa forí gbárí, wọ́n á máa dọ́gbọ́n já ara wọn sílẹ̀ ní kọ́nà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló gbégbá orókè. Òfin tí Jewtraw mọ̀ nìyẹn.

Òfin mìíràn ló bá nígbà tó lọ díje ní Chamonix, nílẹ̀ Faransé, nínú oṣù kìíní ọdún 1924. Méjì-méjì ni wọ́n ń sáré níbẹ̀. Ẹni tó wà lọ́nà inú á bọ́ sóde, ẹni tó wà lóde á bọ́ sínú, kí ìrìn wọn lè dọ́gba. Aago ni kálukú ń bá jà. Èèyàn lè fi ẹnì kejì rẹ̀ sẹ́yìn réré kó ṣì fìdí rẹmi.

Àwọn ará Norway àti Finland laráyé ń wò. Àmọ́ ní ọjọ́ 26, Jewtraw, ẹni ọdún 23 (ọ̀pọ̀ yín nìyẹn!), fi ìṣẹ́jú-àáyá 44.0 parí mítà 500. Oskar Olsen ará Norway lo 44.2. Wúrà àkọ́kọ́ nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé tó fún ìdíje ọ̀hún lórúkọ Òlíńpíìkì.

Kò gba àmì-ẹ̀yẹ mìíràn mọ́. Clas Thunberg ará Finland ló kó wúrà mẹ́ta lọ, akọni gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Òlíńpíìkì dé Lake Placid ní 1932, tí wọ́n ní òfin Amẹ́ríkà ni wọn yóò lò, Thunberg jókòó sílé. Jack Shea, ọmọ ìlú náà, ló gba mítà 500 àti 1500. Ó yẹ kí Thunberg wá, ká sòótọ́. Ó ṣe tán, àlejò ni Jewtraw náà sí òfin Chamonix.

Àmì-ẹ̀yẹ Jewtraw wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí. Òun fúnra rẹ̀ fi eré sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní Spalding, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò eré ìdárayá. Ọdún 1996 ló kú, lẹ́ni ọdún 95.