Búrẹ́dì inú Àpótí Mímọ́

Bí ọmọdé bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún Ọlọ́run, tí ẹni tí ebi ń pa sì kó o jẹ, ṣé olè ni onítọ̀hún jà? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà nínú Bagels from Benny, ìwé àwòrán ọmọdé tí Aubrey Davis kọ, tí Dušan Petričić ya àwòrán rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní Kánádà ní 2003. Bagel ni búrẹ́dì róbótó oníhò láàárín tí àwọn Júù máa ń ṣe.

Benny ń ran bàbá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ ní ilé búrẹ́dì. Bí oníbàárà bá dúpẹ́, bàbá àgbà a ní Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ, nítorí òun ni ó dá ilẹ̀ tí àlìkámà ń hù lórí rẹ̀. Ni ọmọ náà bá ń fi búrẹ́dì sínú àpótí mímọ́ ní sínágọ́gù ní ọjọ́ Ẹtì, níbi tí ìwé-kíká Òfin Mósè wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Ó gbà pé Ọlọ́run ti jẹ ẹ́, àfi ìgbà tí òun àti bàbá àgbà rí tálákà alákìísà tí ó ń kó o. Inú ọmọ náà bàjẹ́ gidigidi.

Ìtàn yìí ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn Júù ìlú Safed a máa sọ nípa ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Pọtogí tí ó ń gbé búrẹ́dì méjì síwájú àpótí mímọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Olùtọ́jú sínágọ́gù ni ó ń kó o jẹ. Rábì bú ọkùnrin náà bí òpè tí ó rò pé Ọlọ́run ń jẹun. Isaac Luria, olùkọ́ ńlá tí ó kú ní 1572, ni ìtàn sọ pé ó dá rábì náà lẹ́bi: ó ti gba ayọ̀ mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́.

Bàbá àgbà Benny kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi yé ọmọ náà pé ó ti mú kí ayé sàn díẹ̀ sí i, ọpẹ́ tí ó dára jù sì nìyẹn. Níhìn-ín ni ìwé náà ti ṣe ohun tí rábì kò lè ṣe. Maimonides, tí ó kú ní 1204, ka ìpele ìtọrẹ sí mẹ́jọ. Èyí tí olùfúnni àti olùgbà kò ti mọ ara wọn ni ó fi ṣe ìkejì láti òkè. Benny kò mọ tálákà náà, tálákà kò mọ Benny. Ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Júù tí ó ń pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́ kì í fọwọ́ kan owó láti ìwọ̀-oòrùn ọjọ́ Ẹtì títí ìràwọ̀ yóò fi yọ ní alẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí kò bá ti ní oúnjẹ kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ibi tí yóò ti rà á.