Fèrèsé Ilé Bàbá Wa

Àwọn tó ń yáwó tún ilé ṣe ní Ìgbayè ti pọ̀, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ fèrèsé. Lójú ilé amọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó rí onípákó, ẹ ó rí lúfà, ẹ ó tún rí onígíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (ọmọ tó wà l'Ékòó ló fi ìyẹn ránṣẹ́). Ó dára kí wọ́n bára mu, ṣùgbọ́n ẹ má fẹ ihò wọn. Ògiri ló gbé òrùlé. Bí ẹ bá gé e kọjá igi orí fèrèsé, yóò lanu, gbèsè ẹgbẹ́ á sì wà lọ́rùn yín síbẹ̀. Kí káfíńtà wọn ihò kọ̀ọ̀kan, wọn kì í dọ́gba. Bí owó kò bá tó, ẹ kó fèrèsé ìrókò tó ṣì le lẹ́yìnkùlé wá síwájú, kí lúfà lọ sẹ́yìn.