Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńsáìmù Wọn Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀
Ọmọ bó lórúnkún ní pápá Maracana tó wà ní Ajégúnlẹ̀, ẹ da hydrogen peroxide sí i, ó hó bí ọṣẹ. Catalase, ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀, ló ń sọ ọ́ di omi àti ọ́síjìn.

Peroxide yìí náà ni ọ̀pọ̀ láábù fi ń mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Glucose oxidase á mú peroxide jáde lára ṣúgà. Peroxidase á fi í pa èròjà tí kò láwọ̀ láró pupa. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni pupa náà ṣe ń ki tó, ẹ̀rọ á sì kà á.

Àmọ́ fítámìn C àpọ̀jù lè jẹ peroxide náà, èsì ò sì ní pé. Tí ẹ bá ń lo fítámìn C, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún oníláábù kó tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.