Nígbà tí Kọ̀ǹpútà bá ń Gbóná, tí Fáànù Rẹ̀ sì ń Pariwo

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Àgbẹ̀ ni mí." Ó kàn yín. Bóyá orúkọ yín wà nínú ọ̀kan. Bóyá ọmọ yín ń fi ọ̀kan kọ́ ẹ̀kọ́. Bóyá ẹgbẹ́ yín ti dáwó ra ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, owó àti ìṣirò yín lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Lomé.

Ìyá kan wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, aṣọ ni ó ń tà. Òun ni akọ̀wé àjọ àwọn obìnrin kan ní ọjà. Ó ti dàgbà kí ó tó kọ́ ìwé kíkà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Àwọn obìnrin náà ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, àlòkù láti òkè òkun. Kò tóbi ju ìwé ńlá méjì tí a gbé lé ara wọn lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ owó àjọ sí: ẹni tó dá a, iye tó dá, ọjọ́ tó dá a.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fáànù inú ẹ̀rọ náà ń kùn bí agbọ́n tí a dà láàmú. Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn lójijì, ẹ̀rọ á kú. Gbogbo ohun tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí kò tíì fi pamọ́, á sọnù. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin béèrè pé, "Owó tí mo dá lọ́jọ́ Ẹtì dà?" Ẹ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ owó àjọ ti rí. Bí ìfura bá ti wọ inú àjọ, kò ní pẹ́ tú ká.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní pátákó inú rẹ̀ ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Owó tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà náà.

Ìyá náà kò sanwó. Ó lọ sílé, ó mú ìwé kékeré kan àti gègé. Ó ń kọ aago tí ó tan ẹ̀rọ náà àti aago tí ẹ̀rọ náà kú. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí:

Aago 7 àárọ̀: ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1.
Aago 2 ọ̀sán: ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15.
Mo tún un tàn lójú ẹsẹ̀: ìṣẹ́jú 4 péré.
Aago 8 alẹ́: ìṣẹ́jú 40.

Ó mú ìwé náà lọ sí àdúgbò Dékon ní Lomé, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tún wọn ṣe. Ó fi han ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọmọ náà kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Pátákó tó ti kú kì í mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ooru ló ń dá ẹ̀rọ yín dúró."

Ó tú u lójú ìyá náà. Eruku ti dí ibẹ̀ bí òwú inú ìrọ̀rí. Wọn kò ra pátákó kankan. Búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara díẹ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń GBÓNÁ?

Ẹ jẹ́ kí a wo inú kọ̀ǹpútà. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, iná mànàmáná tí ó ń jẹ ń di ooru. Ooru yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Lórí ọpọlọ yìí ni irin kan wà, eléyín bí òòyà. Irin náà ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ. Láàárín àwọn méjèèjì ni a fi ìpara díẹ̀ sí, kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Fáànù ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín eyín irin náà, tí ó sì ń lé ooru jáde.

Ẹ rántí alágbẹ̀dẹ. Ẹwìrì rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn kí iná lè gbóná sí i. Fáànù kọ̀ǹpútà ń fẹ́ atẹ́gùn kí ooru lè jáde. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ihò bá dí, iṣẹ́ méjèèjì dúró.

Ariwo ńkọ́? Bí ọpọlọ bá ti ń gbóná, ẹ̀rọ náà á mú kí fáànù rẹ̀ yára sí i. Fáànù kékeré kò lè gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ó ní láti sáré. Bí ọmọdé bá ń bá bàbá rẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ á gbé kí bàbá tó gbé ọ̀kan. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà kékeré fi máa ń pariwo ju ńlá lọ. Ariwo náà ń sọ fún wa pé, "Ẹ gbà mí, mi ò lè mí."

Bí a kò bá gbọ́, ooru á máa pọ̀ sí i. Bí ó bá sún mọ́ 100, tí í ṣe ooru tí omi fi ń hó, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ máa lọ́ra. Bí ooru kò bá dínkù, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá ṣàdédé kú, ó lè jẹ́ pé ó dákú ni.

Lomé wà létí òkun. Ibẹ̀ gbóná, iyanrìn sì pọ̀ níbẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè, eruku tiyín tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí eruku bá wọ inú oúnjẹ, kò sí bí kò ṣe ní wọ inú ẹ̀rọ.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án lẹ́ẹ̀kan, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ó lè tutù.

2. Ẹ gbé e lọ sí ibòòji, níta ilé. Ẹ fi aṣọ bo imú yín.

3. Ẹ tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kó àwọn síkúrù sínú abọ́ kí wọ́n má bàa sọnù.

4. Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà. Ẹ mọ bí aṣọ náílọ́ọ̀nù ti máa ń ta pàrà lára wa nígbà ọyẹ́. Irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ lè ba inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Irin tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ni yóò gbà á lára yín.

5. Ẹ fi ìka kan di fáànù mú kí ó má yí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé titun, tí irun rẹ̀ rọ̀, gbá eruku kúrò lára fáànù àti láàárín eyín irin.

6. Ẹ fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku tó kù jáde. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Atẹ́gùn ẹ̀rọ rẹ̀ le jù, omi sì máa ń wà nínú rẹ̀.

7. Ẹ pa á dé. Ẹ tàn án. Ẹ mú bébà kékeré kan sún mọ́ ihò rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bébà á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ó ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ á tì í sẹ́yìn. Bí bébà kò bá mira rárá, afẹ́fẹ́ kò kọjá, ẹ tún inú rẹ̀ wò.

Bí ó bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí ìpara àárín ọpọlọ àti irin ti gbẹ. Ní Lomé, pâte thermique ni ẹ óò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. A ó nu ògbólógbòó kúrò pẹ̀lú spírítì, a ó sì fi tuntun sí i, kí ó mọ bí hóró ìrẹsì kan. Bí ó bá pọ̀ jù, kò wúlò. Iṣẹ́ yìí gba ọwọ́. Bí ẹ kò bá ṣe é rí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é lójú yín.

Ẹ lè ka ooru náà fúnra yín. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹ tẹ bọ́tìnnì F2 tàbí Delete. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, èyí ń ṣí ojú ìwé kan tí nọ́ńbà ooru wà, pẹ̀lú lẹ́tà C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 40 sí 65, kò burú. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 90, ewu wà. Ti ìyá yẹn jẹ́ 91 kí wọ́n tó gbá eruku. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó di 54. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á.

ARIWO MẸ́TA

Kì í ṣe ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Bí ó bá ń kùn "hùùù", tí ó ń ròkè bí iṣẹ́ ti ń pọ̀, ooru àti eruku ni.

Bí ó bá ń dún "ta-ta-ta", wáyà kan ló ń kan abẹ́ fáànù. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ gbé wáyà náà sẹ́yìn, kí ẹ sì dè é.

Bí ó bá ń dún "kẹrẹ-kẹrẹ", àní nígbà tó tutù pàápàá, inú fáànù ló ti jẹ. Ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kan lè ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe lo epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà, ó máa ń di ẹ̀tẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí a ra fáànù mìíràn. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, bíi 12V. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ ka iye wáyà rẹ̀. Kí tuntun bá a mu.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe da omi sí i, ẹ má sì fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tú àpótí irin tí wáyà iná ń gbà wọlé, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ẹ má ṣe da aṣọ bo kọ̀ǹpútà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bò ó nígbà tí ẹ bá ti pa á tán. Ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ẹ tì í mọ́ ògiri. Kí àyè tó ìbú ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ gbá eruku rẹ̀, kí ẹ sì tún un gbá nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tán.

Ẹ má sì yára sọ ọ́ nù. Ní Lomé kan náà, ilé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní WoeLab. Sénamé Koffi Agbodjinou ni ó dá a sílẹ̀ ní 2012. Ní 2013, Afate Gnikou kó àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti jù nù jọ níbẹ̀. Ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń mọ nǹkan láti inú ọ̀rá, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Bí èyí tó ti kú bá ṣì wúlò tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni èyí tí eruku kàn bò?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ wa kù díẹ̀. Owó àwọn obìnrin yẹn kò sọnù. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti ń kú ni ìyá náà ti ń kọ gbogbo owó sínú ìwé pẹ̀lú. Nígbà tí obìnrin yẹn béèrè owó ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí ìwé, ó fi hàn án. Ó kà á fún un, ọ̀rọ̀ parí. Títí di òní, ó ṣì ń kọ ọ́ sí ibi méjèèjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kọ̀ǹpútà lè gbóná, iná lè lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ, tí ẹ sì tọ́jú, kò ní fi yín sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o. Ire o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyá náà kọ sínú ìwé rẹ̀? Báwo ni ó ṣe ràn án lọ́wọ́?
2. Kí ló dé tí fáànù kékeré fi ń pariwo?
3. Irú ariwo wo ni "ta-ta-ta"? Kí ni a óò ṣe sí i?
4. Kí a tó fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà, kí ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn?
5. Ẹ wo ẹ̀rọ kan ní abúlé yín, bíi rédíò tàbí ẹ̀rọ ọlọ. Níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀? Ṣé ibẹ̀ mọ́?

Ẹ KA ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ YÌÍ SÓKÈ

fáànù – ooru – eruku – afẹ́fẹ́ – ọyẹ́ – búrọ́ọ̀ṣì – ìpara – wáyà – kọ̀ǹpútà